Ọmọ lọ́yà tó kó ẹ̀jẹ̀ Fúlàní àti ẹ̀jẹ̀ màlúù wọn: Bí Dókítà Blumberg ṣe tú àṣírí àrùn tó ń jẹ ẹ̀dọ̀ run

Àrùn kan wà tí kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Ó lè wà nínú èèyàn fún ogún ọdún, ó lè wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, kí onítọ̀hún máa jẹ, kó máa mu, kó máa jó lóde àríyá, kó má mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun. Ọjọ́ tí ikùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí ojú pọ́n bí ìgbà tí wọ́n ta epo sí i, tí ìtọ̀ ń jáde bí omi tíì, ọjọ́ náà làwọn ará ilé máa ń bẹ̀rẹ̀ àròyé. Àwọn kan á ní ó jẹun lójú àlá ni. Àwọn kan á ní ayé ló ṣe é. Àwọn mìíràn á ní orogún ìyá ẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ bi. Kí wọ́n tó parí ẹjọ́ yẹn, ẹ̀dọ̀ onítọ̀hún ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Hepatitis B lorúkọ tí àwọn dókítà ń pe àrùn ẹ̀dọ̀ yìí. Kì í ṣe ibà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àsàsí. Kòkòrò kan tó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i ló ń fà á. Àjọ ètò ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ní ọdún 2022, mílíọ̀nù 254 èèyàn ni kòkòrò yìí ń bá gbé lágbàáyé, àwọn tó sì pa lọ́dún yẹn nìkan tó mílíọ̀nù 1.1. Ṣùgbọ́n ohun tó ya èèyàn lẹ́nu ni pé àrùn burúkú yìí ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó sì ti lé ní ogójì ọdún tí abẹ́rẹ́ náà ti wà.

Ta ló tú àṣírí rẹ̀? Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan ni, Dókítà Baruch Samuel Blumberg, ẹni tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè ní Barry. Ohun tó sì mú ìtàn rẹ̀ dùn ún gbọ́ ni pé kì í ṣe dókítà ẹ̀dọ̀. Kò wá àrùn ẹ̀dọ̀ lọ rárá. Bí ọdẹ tó lọ dẹkùn de ọ̀yà, tó wá bá ẹkùn nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ tiẹ̀ rí.

ÌṢIRÒ LÓ FẸ́ KỌ́, BÀBÁ RẸ̀ NÍ KÓ LỌ ṢE DÓKÍTÀ

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù keje ọdún 1925 ni wọ́n bí i ní Brooklyn, nílùú New York. Júù ni wọ́n. Meyer lorúkọ bàbá rẹ̀, lọ́yà sì ni. Ida lorúkọ ìyá rẹ̀. Ilé ìwé àwọn Júù ni wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní èdè Hébérù àti bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀rọ̀ inú ìwé mímọ́ tú, tí wọ́n á máa bèèrè pé kí nìdí tó fi rí báyìí, kí nìdí tí kò fi rí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ìbéèrè bíbi yìí wọ̀ ọ́ lára, kò sì kúrò lára ẹ̀ títí tó fi kú.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga Far Rockaway, ní New York kan náà, ló ti parí sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹ má fojú kékeré wo ilé ìwé yẹn o! Mẹ́ta nínú àwọn tó jáde níbẹ̀ ló gba ẹ̀bùn Nobel: Richard Feynman gba tiẹ̀ ní 1965, nígbà tó sì di 1976, Blumberg àti Burton Richter gba tiwọn lọ́dún kan náà.

Ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tó di géńdé, ló bá wọṣẹ́ ológun ojú omi ní 1943. Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé sójà gúnlẹ̀ sí èbúté ló bá wọn ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀, kó sì tó kúrò níbẹ̀ ní 1946, òun fúnra ẹ̀ ti di ọ̀gá ọkọ̀. Lọ́dún yẹn náà ló gboyè nínú ẹ̀kọ́ físíìsì ní Union College. Ó wá forí lé yunifásítì Columbia láti lọ kọ́ ìṣirò. Àfi bí bàbá rẹ̀ ṣe dá a lábàá pé kí ló dé tí kò kúkú lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Ọmọ náà gbọ́rọ̀ sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu. Ní 1947, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn dókítà ní Columbia, nígbà tó sì di 1951, ó di dókítà.

Kó tó parí ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n rán an lọ sí Suriname, ní apá òkè Gúúsù Amẹ́ríkà, ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Moengo, níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà. Onírúurú èèyàn ló ń gbé agbègbè yẹn: àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn ará Íńdíà, àwọn ará Java, àwọn ará Ṣáínà. Ẹ̀fọn kan náà ló ń jẹ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Blumberg wò ó dáadáa, ó rí i pé kòkòrò tó ń fa jàbùtẹ̀, tí ẹsẹ̀ èèyàn fi ń wú bí ẹsẹ̀ erin, kì í mú gbogbo wọn bákan náà. Ẹ̀yà kan á máa ṣàárẹ̀ gan-an, ẹ̀yà kejì á máa lọ máa bọ̀ bíi pé nǹkan ò ṣe wọ́n.

Kí ló fà á? Kí ló dé tí àrùn kan náà á wọlé, tá a mú Táíwò, tá a fi Kẹ́hìndé sílẹ̀? Ìbéèrè yìí ló gbé e sáyà kúrò ní Suriname. Òun náà ló gbé e kiri ayé.

Ó WỌ NÀÌJÍRÍÀ NÍ 1957

Lẹ́yìn tó di dókítà, ilé ìwòsàn Bellevue ní New York ló ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ilé ìwòsàn ìjọba tí àwọn mẹ̀kúnnù máa ń gbà lọ. Ní 1954 ló fẹ́ ìyàwó rẹ̀, Jean, tó jẹ́ ayàwòrán, ọmọ mẹ́rin sì ni wọ́n bí. Ọdún kejì ìgbéyàwó wọn ló kọjá sí Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wọ Balliol College, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé ní 1957.

Ọdún yẹn gan-an, nígbà tí Nàìjíríà ṣì wà lábẹ́ àwọn òyìnbó, tí òmìnira ṣì ku ọdún mẹ́ta, ni Blumberg gbéra wá síbí. Ìrìn àjò àkọ́kọ́ tó rìn láti lọ gba ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn nìyẹn. Ó gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ onírúurú ẹ̀yà, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn Fúlàní darandaran, kò sì tán síbẹ̀, ó gba ẹ̀jẹ̀ màlúù wọn mọ́ ọn.

Ohun tó ń wá ò ju pé ó fẹ́ mọ ìyàtọ̀ tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yà kan sí èkejì, àwọn ìyàtọ̀ àjogúnbá tó lè jẹ́ kí àìsàn mú ẹnì kan kó má mú ẹlòmíì. Nígbà tó padà sí Amẹ́ríkà, ó wọ ilé iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba àpapọ̀ wọn, NIH, níbi tó wà títí di 1964. Ẹ̀jẹ̀ sì ń wọlé sí i láti oríṣiríṣi ilẹ̀ káàkiri ayé, ó ń tò wọ́n sínú yìnyín bí alájàpá tó ń kó ẹja pamọ́.

ẸNI MÉJÌ TÍ KÒ RÍ ARA WỌN RÍ

Ọ̀nà tí Blumberg ń gbà wá ìyàtọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Àwọn kan wà tí wọ́n bí àrùn mọ́, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fara gé, ẹ̀jẹ̀ wọn kì í dá. Irú wọn ti gba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì sára lọ́pọ̀ ìgbà. Blumberg wá rò ó pé bí ẹ̀jẹ̀ àlejò bá ń wọ ara lemọ́lemọ́ báyẹn, ara á ti mọ gbogbo àlejò tó ti wọlé, á sì ti pèsè ọmọ ogun sílẹ̀ dè wọ́n. Bó bá fi ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kan ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì, tí wọ́n bá dá ara wọn mọ̀, ìjà á ṣẹlẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á lu ihò sínú ohun kan tó dì bí ẹ̀kọ. Wọ́n á kán omi ẹ̀jẹ̀ ti ibí sínú ihò kan, wọ́n á kán ti ọ̀hún sínú ihò kejì, wọ́n á sì gbé e kalẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé tí wọ́n sì kọlu ara wọn, ìlà kan á yọ láàárín wọn.

Ní 1963, ìlà kan yọ. Blumberg àti dókítà ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Harvey Alter ló jọ wà nídìí ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan tó ní àrùn àìdá ẹ̀jẹ̀ ní New York ni wọ́n mú, wọ́n fi kan ẹ̀jẹ̀ èèyàn mẹ́rìnlélógún. Mẹ́tàlélógún ò dáhùn. Ẹyọ kan ṣoṣo ló dáhùn, ẹ̀jẹ̀ ọmọ onílẹ̀ Australia ni, àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé.

Ọ̀rọ̀ rèé o! Ẹni tó ń gbé New York, ẹni tó ń gbé Australia, wọn ò rí ara wọn rí. Ibo ni wọ́n ti mọra? Kò sẹ́ni tó lè sọ. Wọ́n kàn sọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà ní orúkọ ibi tó ti wá, wọ́n pè é ní Australia antigen. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ná pé Harvey Alter tí wọ́n jọ rí i náà kò gbẹ́yìn, nítorí òun náà gba ẹ̀bùn Nobel ní 2020 lórí hepatitis C.

OBÌNRIN TÓ YẸ ARA RẸ̀ WÒ

Ní 1964, Blumberg kó lọ sí ilé ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ kan ní Philadelphia, ibẹ̀ ló sì ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ìbéèrè Australia yẹn ò jẹ́ kó sùn. Ó wá ohun náà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà tára wọn le, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Ó wá a lára àwọn tó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, ó ń rí i. Ó wá a lára àwọn tí wọ́n bí pẹ̀lú àìsàn Down's syndrome, àwọn tí wọ́n kó jọ sí ilé ìtọ́jú ńláńlá, ibẹ̀ ló ti rí i jù. Òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ wá ń rò pé bóyá àbímọ́ ni, ohun tí wọ́n ń jogún látọ̀dọ̀ òbí, tó sì ń jẹ́ kí jẹjẹrẹ mú èèyàn.

Ṣùgbọ́n ní 1966, ohun kan da gbogbo èrò yẹn rú. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn tó ní Down's syndrome wò tẹ́lẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un yẹ̀ wò, ohun náà ti wà níbẹ̀! Háà! Ohun tí wọ́n bá bí mọ́ èèyàn kì í wọlé lágbà. Wọ́n wá wo ara ọkùnrin náà fínnífínní, wọ́n sì rí i pé láàárín àyẹ̀wò méjèèjì, àrùn ẹ̀dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní 1967, tí ọ̀rọ̀ fi kan ilé. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú lábù Blumberg, tó jẹ́ pé òun ló ń bá wọn ṣètò ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, ṣàdédé rí i pé ara òun ò yá. Ó rẹ̀ ẹ́, oúnjẹ ò wù ú. Ó fa ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe máa ń yẹ tàwọn ẹlòmíì wò. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìlà ti yọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò hàn ketekete. Àrùn ẹ̀dọ̀ ló ń bọ̀ lọ́nà, ó sì dé lóòótọ́. Ọlọ́run bá a ṣe é, ara ẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n òun lẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi àyẹ̀wò yẹn mọ àrùn ẹ̀dọ̀ lára ẹ̀. Ẹ̀rí tó kù nìyẹn. Ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ Australia kì í ṣe àjogúnbá, ara kòkòrò tó ń fa hepatitis B ni.

Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1967, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gbà. Àwọn àgbà nídìí àrùn ẹ̀dọ̀ ti wá kòkòrò yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn ò rí i. Àrùn náà ti fojú wọn rí màbo: ní 1942, nígbà ogun, àwọn sójà Amẹ́ríkà bí 50,000 ló kó àìsàn lẹ́yìn tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, nítorí pé omi ẹ̀jẹ̀ èèyàn tí wọ́n lò nínú abẹ́rẹ́ náà ti ní kòkòrò nínú. Ta wá ni Blumberg, ẹni tí kò ṣiṣẹ́ àrùn ẹ̀dọ̀ rí, tó wá ní òun ti rí i? Àfi ìgbà táwọn olùwádìí ní Tokyo àti Alfred Prince ní New York yẹ tiwọn wò, tí ó bá tiẹ̀ mu. Ní 1970, David Dane àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní London fi ẹ̀rọ awò ńlá rí kòkòrò náà lódindi. Ẹnu gbogbo ayé wá pa mọ́.

Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn bánkì ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fà á sí aláìsàn lára. Ẹ̀mí tí ìyẹn nìkan gbà là kò níye. Àmọ́ Blumberg rí wàhálà mìíràn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Àyẹ̀wò tó ń gbẹ̀mí là náà lè sọ èèyàn di ẹni ìtanù. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, kí wọ́n má fi lé ọmọ aláìṣẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì di ìtàn.

WỌ́N FI ẸWÙ KÒKÒRÒ ṢE ABẸ́RẸ́

Ohun tó tẹ̀lé e ló ya èèyàn lẹ́nu jù. Ní 1969, Blumberg àti ẹnì kejì rẹ̀, Irving Millman, gbé ìwé lọ síwájú ìjọba pé àwọn ti mọ bí wọ́n ṣe lè fi ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní kòkòrò yìí lára ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ̀jẹ̀ aláàrùn kẹ̀? Ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí?

Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní kòkòrò náà, kòkòrò ọ̀hún máa ń ṣe ẹ̀wù ju iye tó máa wọ̀ lọ. Ẹ̀wù lásán á máa léfòó kiri, kò sí kòkòrò nínú ẹ̀. Bí wọ́n bá ṣa ẹ̀wù yẹn jọ, tí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, tí wọ́n fún ara aláìlárùn, ara á mọ aṣọ ọ̀tá kí ọ̀tá fúnra ẹ̀ tó dé.

Ọjọ́ kan kọ́ ni wọ́n kọ́ Róòmù. Ilé iṣẹ́ oògùn Merck ló padà gbé e, ọ̀gá kan níbẹ̀, Maurice Hilleman, ló sì ṣe é dórí ohun tó ṣeé gún. Wolf Szmuness dán an wò lára ọkùnrin 1,083 ní New York láti 1978, nígbà tó di 1980, ó hàn gbangba pé abẹ́rẹ́ náà ń ṣiṣẹ́. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1981. Ní 1986, wọn ò nílò ẹ̀jẹ̀ èèyàn mọ́, ìwúkàrà, irú èyí tó ń mú búrẹ́dì wú, ni wọ́n ń lò láti ṣe ẹ̀wù náà. Èyí náà là ń gún títí dòní.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé àrùn ẹ̀dọ̀ nìkan ni abẹ́rẹ́ náà ń lé, ẹ gbọ́ èyí. Palmer Beasley ṣọ́ ọkùnrin 22,707 ní Taiwan, ní 1981 ló sì sọ fáyé pé àwọn tó ní hepatitis B lára wọn fi ohun tó ju igba ìlọ́po lọ súnmọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ju àwọn tí kò ní in. Ní 1984, ìjọba Taiwan bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn ọmọ tuntun. Nígbà tó fi máa di 1997, wọ́n rí i pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ lára àwọn ọmọdé wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdajì. Abẹ́rẹ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ! Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí láyé.

Ẹ̀BÙN DÉ, IṢẸ́ Ò TÁN

Ní 1976, wọ́n fún Blumberg ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ìṣègùn, òun àti Carleton Gajdusek tó ṣiṣẹ́ lórí àrùn kuru ní Papua New Guinea ló jọ gbà á. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni. Ẹlòmíì á ní ó tó, á lọ jókòó. Blumberg ò jókòó. Ní 1989, Balliol College tó ti kàwé ní Oxford ní kó wá ṣe ọ̀gá àwọn. Ilé ẹ̀kọ́ tó ti wà láti 1263 ni o, kò sì sí ọmọ Amẹ́ríkà tó jókòó sórí àga yẹn rí. Ó wà níbẹ̀ títí di 1994. Nígbà tó di 1999, tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, àwọn NASA tó ń rán èèyàn lọ sójú ọ̀run tún gbé iṣẹ́ fún un, pé kó darí àwọn tó ń wádìí bóyá ohun ẹlẹ́mìí wà lẹ́yìn ayé yìí. Ó ṣe é di 2002, ọdún yẹn náà ló gbé ìwé jáde lórí bó ṣe ṣọdẹ kòkòrò hepatitis B.

Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin ọdún 2011 ló kú, lẹ́ni ọdún márùnlélọ́gọ́rin. Ibi ìpàdé kan ní ọgbà NASA ní California ló wà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ níwájú àwọn èèyàn tán ni. Ẹnu iṣẹ́ ló kú sí. Ṣùgbọ́n kó tó kú, àwọn ìjọba àgbáyé ti fẹnu kò ní 2010 pé ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù keje, làwọn á máa fi ṣe Àyájọ́ Ọjọ́ Hepatitis lágbàáyé.

NÍLÉ WA ŃKỌ́?

Nàìjíríà tí Blumberg ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀jẹ̀ gbígbà ní 1957 ò tíì bọ́ lọ́wọ́ àrùn yìí. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè yìí ní 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, bí mẹ́jọ ló ní hepatitis B lára. Ẹ wo bọ́ọ̀sì akérò méjìdínlógún kan tó kún: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnì kan tàbí ẹni méjì wà níbẹ̀ tí wọn ò sì mọ̀. Ọdún 2004 ni ìjọba fi abẹ́rẹ́ náà kún èyí tí wọ́n ń gún fọ́mọ ọwọ́, ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ti di bàbá àti ìyá lónìí ni wọn ò gún un fún lọ́mọdé.

Kò sí ẹni tó ń kó o nítorí pé ó bá èèyàn jẹun nínú abọ́ kan náà, tàbí pé ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Inú ẹ̀jẹ̀ àti ìbálòpọ̀ ló ń gbà. Abẹfẹ́lẹ́ tí onígbàjámọ̀ fi fá orí ẹnì kan tó tún fi fá ti èkejì, ọ̀bẹ olólà, abẹ sínsín gbẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ tí kẹ́míìsì gún fún ẹni tó ju ẹyọ kan lọ, gbogbo ìwọ̀nyí ni ọ̀nà rẹ̀. Èyí tó wá burú jù ni ti ìyá sí ọmọ lásìkò ìbí. Nínú mẹ́wàá ọmọ ọwọ́ tó bá kó o, bí mẹ́sàn-án ni kò ní í kúrò lára wọn mọ́, nígbà tó jẹ́ pé ara ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń lé e lọ fúnra ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí wọ́n gún ọmọ kó tó pé wákàtí mẹ́rìnlélógún tó dáyé. Ẹni tó bímọ sílé tó ní òun á gbé e lọ lẹ́yìn ìkómọ, ó ti pẹ́ kọjá àkókò tí wọ́n dá yẹn.

Ẹni tí wọ́n bá sì bá a lára ẹ̀, kì í ṣe pé ikú ti dé. Oògùn wà tó ń tẹ kòkòrò náà lórí ba, tí ẹ̀dọ̀ fi máa sinmi. Ọtí ni kó sá fún, kó sì ṣọ́ra fún àgbo tí kò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, kó má fi kún ẹrù ẹ̀dọ̀ tó ti rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ni Dókítà Blumberg fi wá ìyàtọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ kiri kó tó rí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ Australia kan lọ́dún 1963, tí a bá kà á láti ọjọ́ tó ti wọ Nàìjíríà. Iṣẹ́ tó kù fún ẹnikẹ́ni nínú wa ò gba ọdún mẹ́fà. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀kán kan látorí ìka, ìṣẹ́jú díẹ̀ níwájú nọ́ọ̀sì, èsì ti dé. Ẹni tí kò bá ní in, kó gba abẹ́rẹ́ mẹ́ta, kó máa lọ sílé ẹ̀. Ẹni tó bá ní in, kó tètè lọ bá dókítà, kó sì ní kí àwọn ará ilé òun náà wá yẹra wọn wò. Kí wọ́n tó ka ẹ̀sùn sí orogún ìyá ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.